H. Carl McCall, Kọ̀ǹtírólà Ìpínlẹ̀ New York

H. Carl McCall ni kọ̀ǹtírólà ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà láti 1993 títí di òpin 2002. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí àwọn olùdìbò gbogbo ìpínlẹ̀ náà yàn sí ipò.

Ní Nàìjíríà, gómìnà ló ń yan kọmíṣánnà fún ètò ìnáwó, òun náà ló sì lè yọ ọ́. Ti New York yàtọ̀. Ará ìlú ló ń dìbò yan kọ̀ǹtírólà ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin, gómìnà kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀. Ó ń yẹ ìwé ìnáwó ìjọba wò, ṣùgbọ́n ẹrù tó wúwo jù lọ́rùn rẹ̀ ni pé òun nìkan ni alágbàtọ́ owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ àti ti ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀.

Irú owó bẹ́ẹ̀ a máa wọ ìjọba tí ọ̀dá owó dá lójú. Ní 1975, nígbà tí gbèsè fẹ́ bo ìlú New York mọ́lẹ̀, àwọn aṣòfin pàṣẹ fún kọ̀ǹtírólà ìgbà náà, Arthur Levitt, pé kí ó fi owó ìfẹ̀yìntì ra ìwé gbèsè tí wọn yóò fi gba ìlú náà sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà dá wọn lẹ́kun: a kò lè fipá mú alágbàtọ́ ra ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò yàn. Ní 1990 àwọn aṣòfin tún gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n yí ìṣirò padà, kí owó tí ìjọba ń dá sínú àpò náà lè dínkù.

A bí McCall ní Boston ní 1935. Ó kàwé ní Dartmouth, ó di òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ó jẹ́ aṣòfin àgbà ìpínlẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ ní báńkì Citibank. Ní May 1993, nígbà tí Edward Regan kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, àwọn aṣòfin fi McCall rọ́pò rẹ̀. Kò tíì lo ọdún kan nígbà tí ilé ẹjọ́ fagi lé ìṣirò 1990. Òun ló wá di ẹni tí yóò sọ fún ìjọba pé kí wọ́n padà máa san owó tí wọn kò san mọ́, bẹ́ẹ̀ Mario Cuomo tó jẹ́ gómìnà nígbà náà, ọmọ ẹgbẹ́ Democratic bíi tirẹ̀ ni. Ní 1994 àwọn olùdìbò fọwọ́ sí i, wọ́n sì tún yàn án ní 1998.

Àpò náà dàgbà ju ọgọ́rùn-ún bílíọ̀nù dọ́là lọ lábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ọgbọ́n rẹ̀ nìkan. Ọjà ìpín ìdókòwò gbogbo Amẹ́ríkà ló gbéra sókè ní ọdún wọ̀nyẹn.

Ní 2002 ó díje fún ipò gómìnà. Ní oṣù tó ṣáájú ìdìbò, àwọn lẹ́tà tó kọ lórí ìwé ọ́fíìsì rẹ̀ hàn sí gbangba. Ó kọ wọ́n sí àwọn ilé iṣẹ́, ó ń bá àwọn ènìyàn wáṣẹ́, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ sì wà nínú wọn. Lẹ́tà láti ọwọ́ alágbàtọ́ àpò ńlá bẹ́ẹ̀ kì í ṣe lẹ́tà lásán fún ilé iṣẹ́ tí àpò náà ní ìpín nínú rẹ̀. George Pataki borí rẹ̀; McCall kò ní ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìbò lọ.

Alan Hevesi ló gba ipò náà ní 2003. Ní 2010 ó gbà ní ilé ẹjọ́ pé òun jẹ̀bi gbígba ẹ̀bùn nítorí ìdókòwò owó ìfẹ̀yìntì náà, ó sì lọ sẹ́wọ̀n ní 2011. Síbẹ̀ àwọn aṣòfin kò fi ìgbìmọ̀ rọ́pò alágbàtọ́ kan ṣoṣo náà.