Ìgbà Tí Píkọ́ọ̀pù Ń Lò Nílé Iṣẹ́

Bí ènìyàn bá dúró sí ẹnu ọ̀nà àbájáde ilé iṣẹ́ Ford tí ó wà ní Dearborn, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe píkọ́ọ̀pù F-150, yóò rí i pé bí ọkọ̀ tuntun kan ti ń yọ, tí a kò tíì fi ojú sìn ín tán, ni òmíràn ti ń yọ tẹ̀lé e ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan sí i. Bí ó bá sì padà délé tí ó sọ fún àwọn ará ilé pé ìṣẹ́jú kan péré ni wọ́n fi ń ṣe mọ́tò níbẹ̀, kò purọ́, ṣùgbọ́n kò tíì sọ òtítọ́ tán. Ẹni tí ó dúró ní ìdí ààrò búrẹ́dì náà ń rí i bí búrẹ́dì ti ń jáde léraléra, ṣùgbọ́n kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń po ìyẹ̀fun lóru.

Ọkọ̀ tí ó yọ yìí ti wà lẹ́nu iṣẹ́ fún nǹkan bí odindi ọjọ́ kan. Ẹ̀rọ ńláńlá ti tẹ álúmíníọ̀mù pẹlẹbẹ di ilẹ̀kùn àti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, apá ẹ̀rọ tí ń dá ṣiṣẹ́ sì ti so wọ́n pọ̀ bí ẹni pé Ògún lákáayé, ọsìn Imọlẹ̀, ni ó ń rán wọn níṣẹ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ri ara ọkọ̀ náà bọ inú agbada ọ̀dà àkọ́kùn, wọ́n gbé e wọ ààrò, wọ́n tún kùn ún, wọ́n sì tún dá a padà sínú ooru. Ìkánjú kò sì sí níbẹ̀, nítorí ọ̀dà tí kò gbẹ kì í gbọ́ àrọwà. Níkẹyìn ni a gbé ara ọkọ̀ lé ṣaasí onírin tí ẹ́ńjìnnì ti wà lórí rẹ̀.

Ìyára tí ọkọ̀ fi ń yọ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan síra wọn yìí kò ti ọ̀run já bọ́. Kí ó tó di oṣù Kẹrin ọdún 1913, ní ilé iṣẹ́ Ford tí ó wà ní Highland Park, ọkùnrin kan ṣoṣo ni ó ń to mágínẹ́ẹ̀tò, ìyẹn ohun tí ń ta iná sí ẹ́ńjìnnì, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ń gbà á tó ìṣẹ́jú 20. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà: wọ́n pín iṣẹ́ náà fún ènìyàn 29 tí wọ́n tò sí ìlà, kí oníkálukú ṣe ẹyọ kan kí ó sì tì í sọ́dọ̀ ẹnì kejì, ó sì di ìṣẹ́jú 13 àti díẹ̀. Wọ́n gbé ibi iṣẹ́ ga sókè ní ínǹṣì 8 kí wọ́n má baà máa bẹ̀rẹ̀ mọ́, ó di ìṣẹ́jú 7. Wọ́n fi ṣéènì fà á, ó di 5. Ṣaasí tí ń gba wákàtí 12 lọ sókè kí a tó tò ó tán, nígbà tí ó fi di 1914, ìṣẹ́jú 93 ni. Àǹfààní rẹ̀ ni pé nígbà tí Ford gbé píkọ́ọ̀pù rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Kẹrin 1925, dọ́là 281 péré ni wọ́n ń tà á. Àgbẹ̀ kò sì tún ní láti ra mọ́tò kí ó tó wá káfíńtà tí yóò kan ibi ìkẹ́rù sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó yá mọ́tò kò yá ènìyàn lára. Iṣẹ́ ẹyọ kan náà láti òwúrọ̀ dé àṣálẹ́ sú àwọn òṣìṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, láti ní nǹkan bí ènìyàn 14,000 lẹ́nu iṣẹ́ ní 1913, ilé iṣẹ́ náà gba èyí tí ó ju 52,000 lọ láàárín ọdún kan. Ní oṣù Kìíní 1914 ni Henry Ford kéde dọ́là 5 fún iṣẹ́ òòjọ́ wákàtí 8, owó tí ó tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀; lójú tèmi, kì í ṣe ojú àánú nìkan ni ó fi san án, ìyà tí ìlà iṣẹ́ náà ń fi jẹ wọ́n ni ó ń sanwó rẹ̀.

Títí di òní, nǹkan bí ìṣẹ́jú kan náà ni ti òṣìṣẹ́ tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ní Dearborn: kí ó mú ohun tirẹ̀, kí ó fi sí àyè rẹ̀, kí ó dè é le, kí ọkọ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn tó kàn án.