Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Tí wọ́n bá halẹ̀ mọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ńkọ́?

Ẹnì kan wọ ọ́fíìsì owó orí, ó lu tábìlì gbàmù, ó ní òun á fojú akọ̀wé rí màbo. Ṣé kí akọ̀wé kàn gbé e mì ni? Ní California, òfin ti dáhùn.

1. Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún 2021, òṣìṣẹ́ kan yìnbọn pa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ 9 ní ọgbà VTA, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ìjọba ní San Jose. Sẹ́nétọ̀ Dave Cortese, ọmọ agbègbè náà, gbé àbá òfin SB 553 dìde. Láti ọjọ́ 1 oṣù Keje 2024 ló ti ń ṣiṣẹ́.

2. Òfin náà ní ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ètò ààbò sílẹ̀, kí wọ́n sì máa dá òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọọdún.

3. Èyí ló wù mí jù: ìwé àkọsílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ fara pa, ìhàlẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀: ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ìgbésẹ̀ tí wọ́n gbé. Wọn kì í kọ orúkọ ẹni tó kàn. Ọdún 5 ni wọ́n á fi tọ́jú rẹ̀.

4. Ẹni tó fẹjọ́ sùn kò gbọ́dọ̀ jìyà.

Nàìjíríà náà fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé C190 lórí ìwà ipá níbi iṣẹ́ ní 2022. Ǹjẹ́ kánsù yín ní irú ìwé àkọsílẹ̀ ìhàlẹ̀ yìí? Ẹ bá wa pín ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ kánsù.