Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ta ló ń sanwó ìwádìí àwọn dókítà pathology?

Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìkòtún, tí dókítà bá gé kókó kúrò lára èèyàn, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ń gbé e lọ? Ọ̀dọ̀ onímọ̀ pathology ni. Òun ló máa fi awò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá jẹjẹrẹ ni.

1. Wọ́n tún ń ṣe ìwádìí. Ẹ wo UCH, ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ìbàdàn. Ní 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n G. M. Edington bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ ní ẹ̀ka pathology ibẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọjọ́ orí aláìsàn, àdúgbò rẹ̀, ibi tí àrùn ti mú un, wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ ìwé iye jẹjẹrẹ káàkiri àgbáyé ní 1966, Ìbàdàn wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ńlá gbáà ni! Báwo nìjọba ṣe fẹ́ pèsè fún àìsàn tí kò mọ iye ẹni tó ń ṣe?

2. Nítòsí wa ńkọ́? Onímọ̀ pathology ni Ọ̀jọ̀gbọ́n John Obafunwa, tó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) ní 2011.

3. Owó ìwádìí irú àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ́ẹ̀ wá ńkọ́? TETFund, àjọ ìjọba tó ń fowó ran ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, tí òfin 2011 gbé kalẹ̀, ń rówó láti inú owó orí tí wọ́n ń gbà lára èrè àwọn iléeṣẹ́. Olùkọ́ yunifásítì ìjọba á kọ̀wé béèrè, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, èyí tó bá yege ni wọ́n ń fún lówó. NIH, àjọ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, náà máa ń ṣèrànwọ́.

Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí ẹni tọ́mọ rẹ̀ wà ní yunifásítì. Ìbéèrè wo lẹ tún ní? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀.