Owó Oníṣẹ́ Tí A Ń Dá Dúró

Ó ti di àṣà ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba pé bí agbaṣẹ́ṣe bá parí iṣẹ́ tán, ‘Padà wá lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀’ ni ìdáhùn tí yóò gbà. Àwa kò ka èyí sí ọ̀ràn kékeré. Káfíńtà tí ó kan àga fún ilé-ẹ̀kọ́ ti ra pákó, ó sì ti sanwó fún àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́. Bóyá owó èlé ni ó tilẹ̀ yá.

Òfin ọdún 2007 tí ó de gbígbé iṣẹ́ síta ní àwọn iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ sọ pé owó tí ó bá ju ọjọ́ 60 lọ lẹ́yìn tí a ti fi ìwé ìbéèrè owó sílẹ̀ ti pẹ́, èlé sì gbọ́dọ̀ gorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò béèrè èlé, nígbà tí ó ń bẹ̀rù pé a kò ní gbé iṣẹ́ fún òun mọ́?

Láyé àtijọ́, àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà a máa lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi sanwó. Ẹ̀ṣọ́ kò ní jẹ́ kí káfíńtà lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ ìjọba. Nítorí náà ni a ṣe ń ké sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ó wà nípò: ẹ yẹ fáìlì orí tábìlì yín wò lónìí, kí ẹ sì buwọ́ lu owó iṣẹ́ tí ó ti parí.