Ẹ̀rọ kọfí tòkunbọ̀ tó ń jò: ẹ má kàn fi aṣọ nù ún kẹ́ ẹ gbàgbé

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ibà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ́jú ọmọ ni a sábà máa ń sọ lójú ewé yìí. Ti òní yàtọ̀ díẹ̀. Ohun èlò ilé ìdáná la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àmọ́ tẹ́ ẹ bá kà á débì kan, ẹ máa rí i pé ọ̀rọ̀ ìlera náà ni.

Tòkunbọ̀ ti pọ̀ nínú ilé wa. Fíríìjì ni o, áyọ́ọ̀nù ni o, ẹ̀rọ ìfọṣọ ni o. Ẹ̀rọ kọfí náà ti wà lára wọn báyìí. Kì í ṣe kọfí inú agolo tí a ń da omi gbígbóná lé lórí ni mò ń wí. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní espresso ni, èyí tó máa ń fi agbára ti omi gbígbóná gba inú kọfí lílọ̀ kọjá, tí kọfí dúdú kíki á sì máa kán sínú ife kékeré.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní London ló gbé ọ̀kan wá fún wa nígbà tó wálé. Ó ní ọwọ́ ẹnì kan tó ń kó kúrò nílé lòun ti rà á ní owó pọ́ọ́kú. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ṣiṣẹ́ alẹ́, èyí ló máa la ojú yín." Inú gbogbo wa dùn. Kò pẹ́ tó padà tán la bẹ̀rẹ̀ sí í rí omi díẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ náà. A ń fi aṣọ nù ún. Ṣé ẹ mọ̀ pé díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà? Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ igbe ọmọ mi obìnrin láti ilé ìdáná: "Mọ́mì, iná ń ta mí lọ́wọ́ lára ẹ̀rọ yìí o!"

Mo ní kó má tún fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́, kó bọ́ sẹ́yìn. Mo lọ síbi mítà, mo pa iná gbogbo ilé kí n tó sún mọ́ ibẹ̀. Àṣé omi ti ṣàn lórí tábìlì títí tó fi dé inú ẹsiténṣọ̀n tí a fi pílọ́ọ̀gì rẹ̀ sí. Ẹsẹ̀ lásán lọmọ náà sì wà lórí ilẹ̀ tútù. Ọlọ́run ló yọ wá. Mo ti rí ẹni tí iná gbé rí lẹ́nu iṣẹ́ mi, mi ò lè gbàgbé.

A pe ẹnì kan tó ń tún nǹkan iná ṣe. Ó dà á dojú délẹ̀, ó ní, "Màmá, kékeré lèyí. Gọ́ọ̀mù ló máa parí ẹ̀." Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo ìdí rẹ̀ níbi tó ti rí omi, ó gba owó, ó lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, gọ́ọ̀mù ń rùn, omi ṣì ń jò. Ìgbà tí mo fara balẹ̀ wò ó ni mo tó rí àṣìṣe wa: ibi tí a ti rí omi kọ́ ni omi ti ń wá. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé yín dáadáa, nítorí òun ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe rí nínú

Ìlú Turin ní Itálì ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Angelo Moriondo ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú ẹ̀rọ yìí lọ́dún 1884. Èyí tí à ń lò nílé lónìí kéré sí tiẹ̀ púpọ̀, ó sì yàtọ̀ sí i, àmọ́ omi gbígbóná àti agbára náà ni. Táńkì omi wà lẹ́yìn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Pọ́ǹpù kékeré á fa omi láti ibẹ̀, á tì í lọ síbi tó ti ń gbóná, á sì jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, níbi tí a ń fi ife onírin ọlọ́wọ́ gígùn, èyí tí kọfí wà nínú rẹ̀, há sí.

Omi tó ń jáde níbẹ̀ máa ń gbóná tó ìwọ̀n 90 sí 96 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Agbára tó ń tì í sì máa ń tó ìwọ̀n bar 9. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fẹ́ táyà lọ́dọ̀ fọkanáísà mọ̀ pé táyà ọkọ̀ kékeré kì í sábà ju 30 sí 35 lọ lórí géèjì. Lórí géèjì yẹn kan náà, ti ẹ̀rọ kọfí yìí á tó bíi 130. Nítorí náà, ihò tó tó ojú abẹ́rẹ́ ti tó fún omi láti gbà jáde.

Ohun tó ń dí omi lọ́nà kò ju àwọn rọ́bà róbótó tó wà ní oríkèé kọ̀ọ̀kan lọ. Ooru ló ń ba rọ́bà jẹ́. Bó bá ti pẹ́, á gbẹ, á le bí awọ, á sán. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ti lè ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó sì tún lè wà nílẹ̀ lásán fún ìgbà pípẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé rọ́bà ló yẹ kí á kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ fi bébà wá ibi tí omi ti ń yọ

Ẹ yọ pílọ́ọ̀gì kúrò lára iná. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà tutù pátápátá. Ẹ nù ún gbẹ lára, nísàlẹ̀ àti lẹ́yìn. Ẹ tẹ́ bébà tíṣù funfun sábẹ́ rẹ̀. Ẹ wá ṣe báyìí lẹ́sẹẹsẹ:

Èkíní, ẹ bu omi kún táńkì, ẹ má tan iná. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan. Bí bébà bá tutù, táńkì tàbí ẹnu ibi tó ti ń bá ẹ̀rọ pàdé ló ń jò. Ẹ gbé táńkì náà sókè lórí báásìn kẹ́ ẹ wò ó. Bó bá ń kán fúnra rẹ̀, ẹ wo ìdí rẹ̀ bóyá ó ti sán, ẹ sì wo rọ́bà kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà míì, irun tàbí yanrìn ló há síbẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ dá a padà kó jókòó dáadáa.

Èkejì, bí bébà bá gbẹ, ẹ fi ọwọ́ gbígbẹ tan iná, kí ẹsẹ̀ yín wà nínú bàtà, kí sọ́kẹ́ẹ̀tì sì jìnnà sí omi. Ẹ jẹ́ kó gbóná, ẹ má tíì pọn kọfí. Bí omi bá ń yọ lábẹ́ rẹ̀ báyìí, inú ló ti ń jò. Ẹ pa á, ẹ yọ pílọ́ọ̀gì. Mò ń bọ̀ wá sórí ìyẹn.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi ife ọlọ́wọ́ gígùn sẹ́nu ẹ̀rọ láìfi kọfí sí i, kẹ́ ẹ jẹ́ kí omi gba inú rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe é pẹ̀lú kọfí. Bí omi bá gba ẹ̀gbẹ́ ife náà jáde nígbà méjèèjì, rọ́bà ẹnu ẹ̀rọ ti gbó. Bó bá jẹ́ ìgbà tí kọfí wà níbẹ̀ nìkan ló ń jò, ó lè jẹ́ pé kọfí yẹn kúnná jù, tàbí ẹ kì í mọ́lẹ̀ jù, tàbí kọfí wà létí ife náà tí kò jẹ́ kó dé gégé. Ẹ nu etí rẹ̀ mọ́, ẹ dín kọfí kù, ẹ tún un gbìyànjú.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wo páìpù tó ń tú ooru sínú wàrà. Bó bá ń kán nígbà tẹ́ ẹ ti dé e pa, ẹnu ibi tí à ń yí ló ti jẹ.

Àmọ́ ẹ má dá ẹ̀rọ lẹ́bi lásán o. Àwo wà nísàlẹ̀ tó ń gba ẹ̀kán omi. Àwọn ẹ̀rọ kan máa ń tú omi síbẹ̀ fúnra wọn lẹ́yìn tí kọfí bá ti pọn, kí agbára inú wọn lè rọlẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àrùn. Bí àwo náà bá kún tí a kò dà á nù, á ṣàn sórí tábìlì, èèyàn á sì máa pariwo pé ẹ̀rọ ń jò.

Ní tiwa, bébà gbẹ ní ìdánwò kìíní àti ìkejì. Ní ìkẹta ni omi yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, tó rọra tẹ̀ lé ara ẹ̀rọ lọ sísàlẹ̀. Òkè ló ti ń jò, ìsàlẹ̀ ni gọ́ọ̀mù lọ!

Bí a ṣe pààrọ̀ rọ́bà náà

Àmì kan wà tí a kò kíyè sí tẹ́lẹ̀. Bí a bá ń yí ọwọ́ ife náà láti há a, ó yẹ kó dúró níwájú gan-an tàbí lẹ́bàá ibẹ̀. Tiwa ti ń lọ jìnnà sápá ọ̀tún. Rọ́bà tó ti jẹ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

A yọ iná, a jẹ́ kó tutù. Mo fi ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó yọ rọ́bà àtijọ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Ó ti le débi pé ó ń já wẹ́wẹ́. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré fọ ojú ibi tó wà títí kọfí dídì fi kúrò níbẹ̀. Àbúrò mi bá wa fi orúkọ àti nọ́ńbà tó wà nídìí ẹ̀rọ náà wá rọ́bà tuntun, ó fi ránṣẹ́. A tì í wọlé bí ti àtijọ́ ṣe kọjú sí, ó bọ́ síbẹ̀ yíká. Jíjò dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ gé rọ́bà táyà, ẹ má sì ra rọ́bà ẹ́ńjìnnì mọ́tò fi dípò. Omi gbígbóná tí a máa mu ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Rọ́bà tí wọ́n ṣe fún ohun èlò oúnjẹ ni kẹ́ ẹ béèrè, kí fífẹ̀ rẹ̀ àti nínípọn rẹ̀ bá ti àtijọ́ dọ́gba. Bákan náà ni gíríìsì mẹkáníìkì àti gọ́ọ̀mù kò yẹ níbẹ̀.

Ibi tí ó yẹ kẹ́ ẹ dúró sí

Bó bá jẹ́ inú ẹ̀rọ ló ti ń jò, ẹ má tú u fúnra yín. Wáyà iná àti páìpù omi jọ wà nínú ilé kan náà ni. Ẹ wá ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ náà gan-an, kẹ́ ẹ sì ní kó fi ibi tó ń jò hàn yín kó tó gba owó. Bí ohun tó ń se omi bá ti sán, ó sàn kẹ́ ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀rọ náà.

Ẹ wo ìwọ̀n iná tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀ pẹ̀lú. Iná tiwa jẹ́ bíi fóòtì 230. Èyí tó bá wá láti Amẹ́ríkà, 120 ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i, ẹ kò gbọdọ̀ fi í sójú iná tiwa ní tààrà. Ẹ má gé ẹsẹ̀ kẹta pílọ́ọ̀gì tàbí wáyà rẹ̀ dànù, ààbò ni. Ẹ má sì gbé ẹsiténṣọ̀n sórí tábìlì kan náà pẹ̀lú ohun tó ń lo omi.

Bí omi gbígbóná bá jó èèyàn

Ẹ yọ aṣọ tó ti rin àti òrùka kúrò níbẹ̀ kíákíá, àyàfi tó bá ti lẹ̀ mọ́ ara. Ẹ fi omi tútù ṣan ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Bí omi ẹ̀rọ kò bá yọ, ẹ fi abọ́ máa bu omi mímọ́ láti inú korobá, kẹ́ ẹ máa dà á síbẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Ẹ má lo áìsì. Ẹ má fi ẹyin, epo pupa, ògì, iyọ̀ tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i. Ẹ má bẹ́ ojú rẹ̀ tó bá lé. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó fẹ́rẹ́. Bó bá tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó jó náà lọ, tàbí tó jẹ́ ojú, ọwọ́, ẹsẹ̀ tàbí ojú ara, tàbí tó jẹ́ ọmọdé, àgbàlagbà tàbí aláboyún, ilé ìwòsàn ni o.

Bí iná bá gbé èèyàn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ kọ́kọ́ pa iná láti ibi mítà.

Kó má tún jò mọ́

Ẹ máa nu etí rọ́bà náà lójoojúmọ́. Ẹ má fi ife sílẹ̀ ní híhá pinpin nígbà tẹ́ ẹ kò bá lò ó. Omi kànga dẹ̀rọ̀ ládùúgbò mìíràn máa ń fi nǹkan funfun lé inú kẹ́tùlù, ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀rọ yìí náà. Tó bá dí ọ̀nà omi, omi á wá ọ̀nà míì gbà. Bí ìwé ẹ̀rọ yín bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ po bíi gíráàmù 20 citric acid mọ́ omi lítà kan, ẹ jẹ́ kó gba inú rẹ̀ kọjá, kẹ́ ẹ sì fi omi lásán ṣan án ní táńkì méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ má fi blíìṣì sí i láéláé.

Ẹ̀rọ wa ṣì ń ṣiṣẹ́. Tábìlì tirẹ̀ dá wà báyìí, sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì wà lára ògiri lókè, níbi tí omi kò lè dé. Ọmọ mi kì í sì wọ ilé ìdáná láìwọ bàtà mọ́. Áyọ́ọ̀nù ni o, kẹ́tùlù ni o, ẹ̀rọ ìfọṣọ ni o, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ohun tó bá ń lo iná, tó sì ń jò, ẹ yọ pílọ́ọ̀gì rẹ̀ lónìí, kẹ́ ẹ tó wá aṣọ tẹ́ ẹ máa fi nù ún.

Ó dìgbà kan ná.