Sinimá Tuntun àti Sinimá Àtijọ́ Nínú Ilé

Àwọn àgbà a máa wí pé, bí ọmọdé bá tilẹ̀ ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Òwe yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn nígbà tí a ń ro ọ̀ràn kan tí ó dàbí ohun kékeré, ṣùgbọ́n tí ó ń fa àríyànjiyàn nínú ọ̀pọ̀ ìdílé ní alẹ́ Sátidé: sinimá wo ni kí a jókòó tì? Bàbá fẹ́ èyí tí ó ti wò nígbà mẹ́wàá. Àwọn ọmọ fẹ́ èyí tí ó jáde lánàá. Ìyá wà láàárín, ó ń wá àlàáfíà. Nígbà púpọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń parí sí i pé olúkúlùkù yóò mú fóònù tirẹ̀, yóò sì lọ sí kọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilé kan ṣoṣo ṣe ń di ilé mẹ́rin ní alẹ́ ọjọ́ kan.

Àwa kò rò pé kí a wá ẹni tí yóò borí nínú ọ̀ràn náà. Ìdílé tí ó bá ń wo tuntun nìkan yóò máa sáré láìní ìrántí. Ìdílé tí ó bá sì ń wo àtijọ́ nìkan yóò jókòó sójú kan títí ayé yóò fi kọjá lára rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí ni pé ó yẹ kí a fi ètò sí i, kí méjèèjì lè ní ipò tirẹ̀ nínú ilé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí pé irú yíyàn yìí kò sí lọ́wọ́ àwọn bàbá wa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1903 ni a kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ará Èkó, nínú gbọ̀ngàn Glover. Láti ìgbà náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí ó bá fẹ́ wo sinimá ní láti lọ bá a níbi tí ó gbé wà. Nígbà tí Ola Balogun ṣe Àjàní Ògún ní 1976, èyí tí Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ade Love, kópa nínú rẹ̀, àti nígbà tí olóògbé Hubert Ògúndé gbé Ayé jáde ní 1979, ńṣe ni a ń gbé fíìmù láti ìlú dé ìlú. Àwọn ènìyàn a san owó ẹnu ọ̀nà, wọn a wò ó, wọn a sì máa ròyìn rẹ̀ lọ sílé. Bí ó bá ti kọjá lọ, ó di ìgbà tí ó bá tún padà. Wíwo eré kan náà lẹ́ẹ̀mejì jẹ́ ohun ọlá nígbà náà.

Lẹ́yìn èyí ni fọ́nrán fídíò dé, lẹ́yìn fọ́nrán ni àwo, lẹ́yìn àwo sì ni íntánẹ́ẹ̀tì. Lónìí, ẹni tí ó ní fóònù àti owó dátà lè wo eré kan ní ogún ìgbà, ó sì lè rí ogún eré tí kò wò rí kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí eré kan tó parí tán, ẹ̀rọ ti ń na òmíràn sí wa lójú láì tilẹ̀ béèrè ohun tí a fẹ́. Nítorí náà, bí ìdílé kò bá yàn fún ara rẹ̀, ẹ̀rọ ni yóò yàn fún un.

Kí ni èrè àtúnwò? Ẹ jẹ́ kí a mú Ṣaworoidẹ ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí Túndé Kèlání ṣe ní 1999, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì kọ. Ẹni tí ó bá wò ó ní ìgbà èkíní, ìtàn ni yóò máa lé kiri. Ọba tí ó gorí ìtẹ́ Jogbo láìmu májẹ̀mú tí ó so ọba mọ́ ará ìlú, yóò ha mú un jẹ bí? Níbo ni ìlù náà wà? Ológun tí ó fi ipá gba adé ńkọ́? Ọkàn a máa sáré, etí kì í sì í lè gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

Ní ìgbà èkejì, a ti mọ ibi tí ọ̀nà já sí, eré sísá sì ti dáwọ́ dúró. Ìgbà náà ni a tó fi ara balẹ̀ gbọ́ Bàbá Òpálánbá, tí olóògbé Adébáyọ̀ Fálétí ṣe, bí ó ti ń pòwe nínú ààfin, tí àwọn alágbára ibẹ̀ kò sì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tí ó pa wá lẹ́rìn-ín ní ìgbà èkíní, a wá rí i pé ìkìlọ̀ ni. A ti sọ fún ìlú náà, ìlú náà ni kò gbọ́. Àwa tí a ń wò ó pàápàá kò sì gbọ́.

Ní ìgbà ẹ̀kẹta, ohun mìíràn a tún jáde, kì í ṣe nítorí pé fíìmù náà yí padà, bí kò ṣe pé àwa ni ó yí padà. Fálétí ti kú ní 2017, Ìṣọ̀lá sì tẹ̀ lé e ní 2018. Ohùn àwọn tí kò sí mọ́ ni a ń gbọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú eré náà tí ń jẹ́ Kúnlé Afọláyan, ọmọ Ade Love kan náà tí a dárúkọ lókè. Òun náà ti di aṣefíìmù ńlá lónìí. Ọdún tí eré náà jáde sì ni ìjọba ológun kógbá sílé ní Nàìjíríà. Ọmọ tí a bí lẹ́yìn ìgbà náà kò mọ ohun tí ó mú kí bàbá rẹ̀ dákẹ́ nígbà tí ọ̀gá ológun jókòó lórí ìtẹ́ ọba. Bí wọn kò bá jọ wò ó, ta ni yóò sọ fún un?

Àwọn olùwádìí pàápàá ti yẹ ọ̀ràn yìí wò. Ní 2011, àwọn méjì ní Yunifásítì California ní San Diego fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn kúkurú kà, wọ́n sì sọ ìparí rẹ̀ fún apá kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Lápapọ̀, àwọn tí ó ti mọ ìparí gbádùn ìtàn ju àwọn tí kò mọ̀ ọ́n lọ. Ní 2019 ẹ̀wẹ̀, Ed O'Brien ti Yunifásítì Chicago fi hàn pé, bí a bá bi ènìyàn léèrè bí yóò ti gbádùn ohun tí ó ti ṣe rí tó nígbà tí ó bá tún un ṣe, ìdáhùn rẹ̀ a máa kéré sí adùn tí yóò bá níbẹ̀ gan-an. A rò pé a ti rí i tán, bẹ́ẹ̀ ni a kò ì tí ì rí i tán.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ wa yìí gan eré tuntun. Nígbà tí àgbà bá ń wí pé eré àtijọ́ dára ju ti ìsinsìnyí lọ fíìfíì, ohun kan wà tí ó gbàgbé. Ọdún ti fẹ́ ti àtijọ́ bí obìnrin ti ń fẹ́ ọkà lórí atẹ. Ìyàngbò ti bá afẹ́fẹ́ lọ, èyí tí ó ní ìwọ̀n nìkan ni ó kù sílẹ̀ tí a ń yìn. Ti ọdún yìí ṣì wà lórí atẹ pẹ̀lú ìyàngbò rẹ̀. Kò tọ́ kí a gbé ọkà tí a ti fẹ́ ka iwájú èyí tí a kò ì fẹ́, kí a sì wí pé oko èṣí ni ó dára jù. Àtúnwò sì lè di ibùsùn ọ̀lẹ. Ẹni tí kò bá wo ohun titun kan láti ọdún mẹ́wàá wá, yóò ṣòro fún un láti mọ ohun tí ń pa ọmọ rẹ̀ lẹ́rìn-ín, àti ohun tí ń bà á lẹ́rù.

Gbogbo ohun tí a ń pè ní àtijọ́ lónìí, tuntun ni nígbà kan rí. Bí àwọn ènìyàn 1976 bá ti wí pé eré orí ìtàgé tí àwọn mọ̀ ti tó àwọn, tí wọn kò sì lọ wo Àjàní Ògún, ta ni ìbá tún fi owó rẹ̀ ṣe èkejì? Àwọn tí ó wo ti bàbá ni ó la ọ̀nà fún ọmọ, tí Kúnlé Afọláyan fi ṣe Aníkúlápó ní 2022, tí a sì wò ó jákèjádò ayé lórí Netflix. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Fẹ́mi Adébáyọ̀, ọmọ àgbà òṣèré nì Adébáyọ̀ Sàlámì, ṣe gbé Jagun Jagun jáde ní 2023. Ẹni tí ó bá wo eré tuntun lónìí, ó ń gbin ohun tí ọmọ rẹ̀ yóò máa pè ní àtijọ́.

Wíwò nìkan kọ́ ni ó ń bọ́ aṣeré, bí kò ṣe wíwò ní ọ̀nà òtítọ́. Ní 1982 ni Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá tí gbogbo wa fẹ́ràn, gbé Ọ̀run Mooru jáde. Àwọn olè ṣe àdàkọ rẹ̀, wọ́n ń tà á kiri. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rẹ́rìn-ín, gbèsè ni ó sì kan ẹni tí ó ṣe é. Ìfẹ́ tí kò gba ọwọ́ olóhun kọjá kò ran olóhun lọ́wọ́.

Nǹkan mìíràn tí ó wúwo tún wà. Fíìmù àtijọ́ a máa kú. Ooru àti ọ̀rinrin a máa bà á jẹ́ nínú agolo rẹ̀, títí yóò fi máa rùn bí ọtí kíkan. Fíìmù èdè Haúsá kan, Shaihu Umar, tí Adamu Halilu ṣe ní 1976, pòórá lójú ayé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí a tó rí i níbi ìpamọ́ ní Jos. A tún un ṣe, a sì fi í hàn ní Berlin ní 2018. Kì í ṣe gbogbo fíìmù ni yóò rí irú àánú bẹ́ẹ̀ gbà. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá béèrè, ẹnikẹ́ni kì í náwó sí i. Nítorí náà, nígbà tí ìdílé bá béèrè eré àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín, ó ń fi ọwọ́ tì í lẹ́yìn kí ó má bàa ṣègbé.

Kí ni kí a wá ṣe? Ìmọ̀ràn wa nìyí.

Èkíní, nínú Sátidé mẹ́ta, kí méjì jẹ́ ti eré tuntun, kí ọ̀kan jẹ́ ti àtijọ́. Nínú ọ̀sẹ̀ 52 tí ó wà nínú ọdún, èyí yóò jẹ́ tuntun bí 35 àti àtijọ́ bí 17. Kí àwọn ọmọ yan nínú ti tuntun, kí àwọn òbí yan nínú ti àtijọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì dìde kúrò nínú èyí tí kì í ṣe tirẹ̀.

Èkejì, ẹ rántí pé eré tí òbí ti wò tí ọmọ kò ì wò, tuntun àti àtijọ́ ni lẹ́ẹ̀kan náà. Irú rẹ̀ ni ó dára jùlọ. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó ti mọ ìparí pa ẹnu rẹ̀ mọ́! Ìgbà èkíní ọmọ kò ṣeé dá padà fún un.

Ẹ̀kẹta, kí òbí kọ́kọ́ wo eré tuntun kí ó tó gbé e síwájú ọmọdé. Aníkúlápó tí a yìn lókè pàápàá, eré àgbà ni, kì í ṣe ti àwọn kékeré. Kí a sì máa la ojú sí ti àtijọ́ pẹ̀lú, nítorí ohun tí a fi rẹ́rìn-ín nígbà náà, bí ìyà tí a fi jẹ ìyàwó tàbí ẹ̀gàn tí a fi kan abirùn, ó yẹ kí a ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ pé kò tọ́.

Ẹ̀kẹrin, bí eré bá ti parí, ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn eré tuntun, ẹ béèrè pé, ‘A ha lè tún wo èyí ní ọdún mẹ́wàá òní bí?’ Lẹ́yìn eré àtijọ́, ẹ béèrè pé, ‘Kí ni o rí lónìí tí o kò rí rí?’ Bí kò bá sí ẹni tí ó rí ohun kan, ẹ jẹ́ kí eré náà sinmi fún ọdún kan.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ san owó fún ẹni tí ó tọ́ sí, ìbáà ṣe tuntun, ìbáà ṣe àtijọ́.

Àkísà àgbà tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, aṣọ tuntun ni lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ẹni tí kò bá sì dá aṣọ lónìí kò ní ní àkísà lọ́la. Láàárín àwọn eré tí ó jáde ní ọdún yìí, ọ̀kan tàbí méjì wà tí àwọn ọmọ wa yóò fẹ́ fi han àwọn ọmọ tiwọn. Àwa kò mọ èyí tí yóò jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn ní alẹ́ tí wọn yóò kọ́kọ́ wò ó.