Bí Ìyá Bá Kú, Ta Ló Ni Ọmọ?

Ẹ̀yin òbí wa nílùú Ọba, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kú, mo rò pé ọ̀dọ̀ mi ni ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 14, máa wà. Òfin ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ní England àti Wales, láti December 1, 2003, bàbá tó bá bá ìyá fi orúkọ ọmọ sílẹ̀, tí orúkọ tirẹ̀ sì wà nínú ìwé ìbí, ti ní ẹ̀tọ́ òbí nìyẹn, ì báà má fẹ́ ìyá ọmọ níyàwó, àfi bí ilé ẹjọ́ bá sọ nǹkan mìíràn.

Bí ọmọ ṣe kẹ́rù lọ bá bàbá tí kò fojú kàn fún ọdún 9 nìyẹn. Kò pè wọ́n ní Dádì. Ṣe ló ń tilẹ̀kùn mọ́rí. Bàbá ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Mo ní, “Bùọ̀dá, ó ń ṣọ̀fọ̀ ni. Ẹ má fipá mú un.” Ọjọ́ tí wọ́n gbé fọ́tò ẹ̀gbọ́n mi kọ́ sí pálọ̀ ni ọmọ kọ́kọ́ jókòó bá wọn jẹun.